Aṣọ Ìrántí ní Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ̀yọ̀, Aṣọ Ẹbí àti Ẹ̀wù Ère Ìbejì

Ìfáárà

Lójú Yorùbá, aṣọ ju ohun ìbora lọ. Òwe tí ó sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, fi yé wa pé aṣọ a máa pa ìtàn mọ́: ohun tí ènìyàn ti là kọjá wà nínú àkísà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà ni pé ènìyàn ni aṣọ. Ẹni tí ó ní ènìyàn lẹ́yìn kò rìn ní ìhòòhò, ẹni tí kò sì ní, bí ó tilẹ̀ wọ sányán, òtútù yóò mú un. Ibi òkú ni ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ti pàdé. Níbẹ̀ ni aṣọ ti ń di ìtàn ẹni tí ó lọ, tí ènìyàn sì ń di aṣọ fún un.

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ oríṣi aṣọ mẹ́ta wò tí a fi ń rántí òkú ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti káàkiri Erékùṣù Èkó: aṣọ funfun Ẹ̀yọ̀, aṣọ ẹbí ìsìnkú, àti ẹ̀wù kékeré tí ìyá ń wọ̀ fún ère ìbejì. Àwọn méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìta gbangba, ẹ̀kẹta jẹ́ ti inú yàrá. Èrò tí àpilẹ̀kọ náà gbé kalẹ̀ ni pé agbára aṣọ ìrántí ní Èkó kò sí nínú bí ó ti pẹ́ tó nínú àpótí, kò sì sí nínú ọwọ́ tí ó hun ún nìkan. Ó wà nínú ara tí ó gbé e wọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí onímọ̀ ìtàn máa bi aṣọ bẹ́ẹ̀ ni: ta ni ó wọ̀ ọ́, ta ni a wọ̀ ọ́ fún, ta sì ni a kò wọ aṣọ kankan fún?

Òkú àgbà àti òkú ọ̀fọ̀

Ọ̀nà méjì ni Yorùbá pín ikú sí. Bí àgbàlagbà bá kú tí ó sì fi ọmọ sáyé, ìnáwó ni. A ó lùlù, a ó se oúnjẹ, a ó sì dá aṣọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ bá kú, ọ̀fọ̀ ni. Kíákíá ni a ó sin ín, ohùn gbogbo yóò sì rẹlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ rẹ̀. Aṣọ ló ń fi ìyàtọ̀ yìí hàn fún ẹni tí ń kọjá lọ lójú pópó. Aṣọ dúdú tàbí aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá ni ti ọ̀fọ̀. Opó a máa wọ irú rẹ̀ títí ọjọ́ opó yóò fi pé, obìnrin Mùsùlùmí a sì ka oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àṣà mìíràn tún wọlé tọ èyí. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìlú náà ní ọdún 1861, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni ó sì ń sin òkú wọn nínú aṣọ funfun gbalaja tí kò ní iṣẹ́ ọnà kankan, abala mẹ́ta fún ọkùnrin, márùn-ún fún obìnrin. Àwọn Sàró tí wọ́n dé láti Sàró àti àwọn Àgùdà tí wọ́n dé láti Bùràsíìlì mú àṣà aṣọ dúdú ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì wá ní tiwọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tí ó bá rin ìrìn wákàtí kan péré láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Pópó Àgùdà lè rí òkú mẹ́ta tí a ṣọ̀fọ̀ wọn pẹ̀lú àwọ̀ aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láàrin ìlú tí ó rí báyìí ni aṣọ funfun Ẹ̀yọ̀ ti gbilẹ̀.

Ẹ̀yọ̀: aṣọ kan lára ọ̀pọ̀ ènìyàn

Adámú Òrìṣà ni orúkọ tí àwọn ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó ń pe eré náà. Ẹ̀yọ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Kì í ṣe ọdọọdún ni ó ń jáde. Bí ọba, ìjòyè tàbí ènìyàn pàtàkì kan bá wàjà tàbí kú, tàbí bí ọba tuntun yóò bá jẹ, ni a máa ń gbé e jáde. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan tí ó gbajúmọ̀ tọ orísun rẹ̀ lọ sí Ìbẹ̀fún ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní ti Èkó, ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1854 ni àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí Ẹ̀yọ̀ kọ́kọ́ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìgboro, ní ìrántí Ọba Akítóyè.

Ó yẹ kí a rántí irú ìlú tí Èkó jẹ́ lọ́dún náà. Akítóyè jọba ní ọdún 1841. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé e kúrò lórí oyè. Ní òpin 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò ìbọn lé ìlú lórí, Akítóyè sì padà sí ààfin. Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn náà tí ó fi kú, ní oṣù kẹsàn-án 1853, tí Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì gorí ìtẹ́. Ìlú tí ìdílé ti dojú ìjà kọ ìdílé, tí ilé ti jóná, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sá tẹ̀lé Kòsọ́kọ́ lọ, ni ìlú tí ó ní láti ṣe ìrántí ọba rẹ̀ ní 1854. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò tẹ̀lé òkú àti ẹni tí kò ní tẹ̀lé e kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Aṣọ tí ó bo gbogbo ojú, tí ó sì sọ gbogbo ara di funfun kan náà, jẹ́ ọ̀nà kan láti fi hàn pé ìlú ṣì lè dúró gẹ́gẹ́ bí ara kan lẹ́yìn ẹni tí ó lọ.

Bí aṣọ náà ti rí mú kí èyí ṣeé ṣe. Agbádá funfun ni ó wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni arópalẹ̀ wà, ìró gígùn tí ó ń gbálẹ̀ bí Ẹ̀yọ̀ ti ń rìn. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú, akẹtẹ̀ wà lórí, ọ̀pámbàtà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe sì wà lọ́wọ́. Kò sí ibi tí awọ ara ti yọ jáde. Akẹtẹ̀ ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀: dúdú ni ti Adímú tí í ṣe àgbà, pupa ni ti Lábà, àwọ̀ ìyeyè ni ti Oníkò, àwọ̀ ewé ni ti Ológèdè, elésè àlùkò sì ni ti Agẹrẹ. Lẹ́yìn àwọn márùn-ún wọ̀nyí ni Ẹ̀yọ̀ àwọn ìga ìjòyè ń bọ̀, tí ìga kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ àti àmì tirẹ̀ lórí akẹtẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú eré, Adímú a gbé ọ̀pá jáde ní ọjọ́ Àìkú. Lábà, Oníkò, Ológèdè àti Agẹrẹ a tẹ̀lé e láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìgboro a sì funfun báláú. Ẹni tí ó wá wòran pàápàá kò lè múra bí ó ti wù ú. A kì í wọ bàtà, a kì í dé fìlà, obìnrin kì í di ṣùkú. Aṣọ òkú ti ń pàṣẹ fún aṣọ alààyè.

Bí a bá fi Ẹ̀yọ̀ wé egúngún àwọn ìlú òkè, ohun tí aṣọ yìí ń ṣe yóò túbọ̀ hàn. Ẹ̀kú egúngún jẹ́ aṣọ lórí aṣọ. Ìdílé a máa rán abala tuntun mọ́ ti àtijọ́, oríṣiríṣi àwọ̀ àti oríṣiríṣi aṣọ ọjà, débi pé ẹni tí ó bá ká a sókè lè ka ìran tí ó ti kọjá bí ẹní ń ṣí ojú ìwé. Ọ̀pọ̀ aṣọ lára ẹnì kan nìyẹn. Ẹ̀yọ̀ yí ìṣirò náà padà: aṣọ kan lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọdún tí ó ti kọjá ni ẹ̀kú ń tò jọ. Iye ènìyàn tí òkú ní ni Ẹ̀yọ̀ ń fi hàn. Nínú ìlú òwò tí ẹni gbogbo ti wá, tí ìran púpọ̀ kò ti lè ka baba ńlá wọn dé ibì kan náà, ó dà bí ẹni pé irú ìrántí kejì yìí ni ó bá ìlú náà mu.

Aṣọ ẹbí: iṣẹ́ ọnà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjà

Obìnrin kì í gbé Ẹ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ìrántí tí ó wọ́pọ̀ jù ní Erékùṣù Èkó, ọwọ́ obìnrin ni ó wà. Bí àgbàlagbà bá kú, àwọn ọmọ àti ẹbí a jókòó láti yan aṣọ. Ọmọ bíbí lè ní tiwọn, àwọn àna tiwọn, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ tiwọn. Ẹnì kan a lọ sí Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà lọ ná ọjà. Ní ìgbà kan rí, Jànkárà ni ìbá lọ bí ó bá jẹ́ àdìrẹ tàbí aṣọ òkè ni wọ́n ń wá. A ó ka orí, a ó gba owó, a ó gé aṣọ ní yáàdì mélòó kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù a sì gbé tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Ìyẹn ni pé láti ara ìgàn kan náà ni aṣọ gbogbo wọn ti wá, ṣùgbọ́n kò sí méjì tí a rán bákan náà.

Ẹni tí ó bá ń wá iṣẹ́ ọnà níbí lè sọ pé kò sí, nítorí pé ẹ̀rọ ni ó ṣe aṣọ náà. Láti àwọn ọdún 1960 ni ọ̀pọ̀ léèsì tí a ń tà ní Èkó ti ń wá láti agbègbè Vorarlberg ní Ọ́síríà, pàápàá láti ìlú Lustenau, níbi tí àwọn tí kò tí ì rí Èkó rí ti ń yan àwọ̀ àti àpẹẹrẹ tí ìyàwó oníṣòwò Èkó fẹ́. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Vienna ṣe àfihàn léèsì yìí ní ọdún 2010, tí àfihàn náà sì dé Èkó lẹ́yìn náà, ó hàn gbangba pé òwò yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Oníbàárà ní Èkó ni ó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ ní Lustenau yóò kó sára aṣọ. Iṣẹ́ ọnà náà kò parí sí ilé iṣẹ́. Ó wà nínú yíyàn, nínú pípín, nínú rírán, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ nínú ìdúró papọ̀ ní ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn wọ̀ ọ́. Bí a bá ká aṣọ ẹnì kan ṣoṣo sí orí tábìlì, ohun tí ó ń sọ kò pé.

Láìpẹ́ yìí, àwòrán òkú fúnra rẹ̀ ti bọ́ sórí aṣọ. A máa tẹ ojú olóògbé, orúkọ rẹ̀ àti ọdún rẹ̀ sórí ànkàrá tàbí sórí súwẹ́tà olówó pọ́ọ́kú. Èyí ti kúrò ní ìlànà tí Ẹ̀yọ̀ ń tẹ̀lé. Ẹ̀yọ̀ fi ojú pamọ́ kí gbogbo ènìyàn lè di òkú kan; aṣọ alápá àwòrán fi ojú kan ṣoṣo lé àyà gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀ ohun tí méjèèjì gbára lé kò yàtọ̀: bí kò bá sí ara tí yóò wọ̀ ọ́, ìrántí kò sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dìjọ̀ngbọ̀n nìyí. Bí iye ènìyàn tí ó wọ aṣọ bá jẹ́ òṣùwọ̀n ìfẹ́, owó yóò wọ inú òṣùwọ̀n náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti jẹ gbèsè nítorí aṣọ ìsìnkú. Ẹbí tí kò lè ra aṣọ a sì máa jókòó sẹ́yìn, tàbí kí ó má wá mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó tọ́jú olóògbé ní àkókò àìsàn. Aṣọ tí a dá kí ẹbí lè jẹ́ ọ̀kan lè di ohun tí ń fi hàn ẹni tí kò sí nínú ẹbí. Ẹ̀bùn Ẹ̀yọ̀ ni pé ó ń fi ìyàtọ̀ pamọ́. Ewu aṣọ ẹbí ni pé ó ń ṣí i síta.

Ẹ̀wù ère ìbejì: aṣọ fún ẹni tí ìlú kò dá aṣọ fún

Ẹ̀yọ̀ àti aṣọ ẹbí, ti òkú àgbà ni wọ́n. Kí ni a ń wọ̀ fún ọmọdé tí ó kú? Ní gbangba, kò sí. Ṣùgbọ́n láàrin Yorùbá, ọ̀nà kan wà tí ìyá fi ń dá aṣọ fún ọmọ tí ó lọ, pàápàá bí ọmọ náà bá jẹ́ ìbejì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, a máa ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ère fún un. Ìyá a wẹ̀ ẹ́, a fi osùn pa á lára, a fún un ní oúnjẹ nígbà tí ó bá ń fún èyí tí ó wà láàyè, a sì wọ̀ ọ́ láṣọ. Ìlẹ̀kẹ̀ a wà lọ́rùn rẹ̀ àti ní ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀wù péńpé tí a fi aṣọ rán. Àwọn kan ní ẹ̀wù tí a fi owó ẹyọ tò, tàbí èyí tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sín láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ̀wù bá gbó, a pààrọ̀ rẹ̀, bí a ti ń pààrọ̀ ẹ̀wù ọmọ tí ń dàgbà.

Lónìí, irú ère bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bákan náà ni wọ́n wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ ní Oníkàn, tí a ṣí ní ọdún 1957, tí kò sì jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sókè òkun ni a bọ́ ẹ̀wù lára wọn, nítorí pé igi ni àwọn olùrajà kà sí iṣẹ́ ọnà. Ẹni tí ó bá wo ère ìbejì tí kò ní aṣọ, iṣẹ́ agbẹ́gilére nìkan ni ó rí. Iṣẹ́ ìyá ti sọnù. Ojú ère tí ó ti dán nítorí ìwẹ̀ àti ìfipa lójoojúmọ́ nìkan ni ó kù láti jẹ́rìí rẹ̀.

Ìgbà yí, ohun èlò náà yí padà. Marilyn Houlberg, tí ó kọ̀wé lórí ère ìbejì ní 1973, ṣàkíyèsí pé bèbí oníke ti ń gba ipò igi ní àwọn ilé kan. Ní 1978, Stephen Sprague kọ̀wé nípa bí àwọn ará Ìlá Ọ̀ràngún ti ń lo fọ́tò: wọ́n lè tẹ àwòrán èyí tí ó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì sínú fọ́tò kan kí ó lè rọ́pò èyí tí ó kú. Bí ìbejì náà bá jẹ́ takọ-tabo, aṣọ ni wọn yóò fi ṣe é. Wọn yóò wọ aṣọ ọkùnrin àti aṣọ obìnrin fún ọmọ kan ṣoṣo, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ó lè dúró fún ara rẹ̀ àti fún ẹni tí ó lọ. Igi ti lọ, ṣùgbọ́n ìlànà kò yẹ̀: ara alààyè ni ó gbé aṣọ òkú wọ̀.

Aṣọ tí a wọ̀ àti aṣọ tí a tọ́jú

Kì í ṣe ibi gbogbo ni aṣọ ìrántí ti gbára lé wíwọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1987, àwọn tí àrùn éèdì ti pa ènìyàn wọn tẹ́ aṣọ alábala ńlá kan sílẹ̀ ní ìlú Washington ní Amẹ́ríkà. Abala 1,920 ni ó ní lọ́jọ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́fà, ìwọ̀n sàréè ènìyàn kan. Ẹni tí a kò fẹ́ sin ní gbangba, tí àwọn ìdílé kan tilẹ̀ sẹ́, rí abala aṣọ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí. Aṣọ náà kò sí fún wíwọ̀. Ilẹ̀ ni a tẹ́ ẹ sí, kí ènìyàn lè rìn yí i ká kí wọ́n sì ka orúkọ. Ní Bùnú ní ìpínlẹ̀ Kogí, gẹ́gẹ́ bí Elisha Renne ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1995, aṣọ pupa tí a ń pè ní aṣọ ìpo ni a ń lò fún ìsìnkú àwọn olóyè, iyì rẹ̀ sì so mọ́ bí ó ti ṣọ̀wọ́n tó àti bí a ti pa á mọ́ tó.

Ìfiwéra yìí tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tí Èkó ní àti ohun tí kò ní. Aṣọ alábala Washington fi àyè sílẹ̀ fún òkú tí kò ní ènìyàn púpọ̀: ọwọ́ ẹnì kan tó láti rán abala kan. Aṣọ Ìsàlẹ̀ Èkó kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Ẹni tí ó kú ní ọ̀dọ́, ẹni tí kò bímọ, àlejò tí kò ní ìga, inú yàrá ìyá tàbí ọ̀rẹ́ ni ìrántí wọn wà. Ẹ̀wù ère ìbejì nìkan ni ó fi hàn pé àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òkú bẹ́ẹ̀ náà nílò aṣọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì nísinsìnyí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé Ẹ̀yọ̀ ti di ohun tí ìjọba fi ń pe àlejò wá sí ìlú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, olóògbé T. O. S. Benson, mínísítà ètò ìròyìn ìgbà òmìnira, ni a gbé e jáde fún. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ó jáde gẹ́gẹ́ bí ara ayẹyẹ àádọ́ta ọdún ìpínlẹ̀ Èkó. Aṣọ kan náà ni, akẹtẹ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kì í kú, ọjọ́ ìbí kì í sì í ṣe ọjọ́ ìsìnkú. Àwọn kan rí i gẹ́gẹ́ bí ìdàgbàsókè àṣà, nítorí pé eré tí a kò bá gbé jáde ni ó ń parun. Èrò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ń wọ aṣọ funfun náà láìsí òkú kan pàtó tí a wọ̀ ọ́ fún, ohun tí yóò kù ni ẹwà rẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn ará 1854 fi aṣọ náà dáhùn, ìyẹn ni pé ta ni ó ṣì dúró lẹ́yìn ẹni yìí, kò ní sí ẹni tí ń bi í mọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi hàn ni pé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a kì í dá aṣọ ìrántí kí a lè máa wò ó. A ń dá a kí ara kan lè gbé e wọ̀ nítorí ara tí kò sí mọ́. Nítorí náà ni kì í fi í pẹ́. Aṣọ ẹbí ìsìnkú màmá àgbà yóò lọ sí òde mìíràn lẹ́yìn ọdún kan. Nígbà tí ó bá ṣá, yóò di aṣọ ilé. Bí ó bá tún gbó sí i, ọmọ rẹ̀ lè ya á sí ọ̀já, kí ó fi pọn ọmọ tuntun tí wọ́n sọ ní Yétúndé. Kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí yóò gba aṣọ tí ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ìrántí ní Èkó kò gbọ́dọ̀ dúró sí ọ̀dọ̀ ohun tí a tọ́jú sínú gíláàsì. Ó yẹ kí ó béèrè àkísà pẹ̀lú, kí ó béèrè orúkọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ nígbà tí ó ṣì ń dán, kí ó sì béèrè nípa àwọn tí wọ́n kú láìsí ìgàn aṣọ kankan tí a gé nítorí wọn.